Orí Kẹrin: Ẹ̀gbọ́n Ìléru

Eyín tó gbẹ̀yìn wọ inú Awòlà ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀rọ náà kùn bí oyin inú ihò igi, ó gé eyín náà sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì gbé àwòrán rẹ̀ sójú ògiri tó wà lẹ́yìn adájọ́. Bí òjé bá wà nínú rẹ̀, àwọ̀ aró ni gbogbo ènìyàn ì bá rí. Bí máńgáníìsì, irin inú bátìrì, bá wà níbẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Kò sí èyí, kò sí tọ̀hún. Eyín náà funfun báláú.

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá," ni Lọ́ọ̀yà Káṣìmáawò wí, ó sì fi ọwọ́ pa ikùn bí ẹni tó jẹun yó. Òun ni agbẹjọ́rò àwọn onílèéru. "Olúwa mi, gbogbo eyín tí ìlú yìí kó sílẹ̀ láti ogójì ọdún nìyẹn. Kò sí ẹyọ kan tó fẹ̀sùn kan iná wa."

Iná náà ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Òfin ni kí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ wà níbi ìgbẹ́jọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ẹjọ́ Òkè-Àgbẹ̀dẹ sí ọ̀kánkán ìléru, tí wọ́n sì fi dígí ṣe ògiri rẹ̀ kan látòkè délẹ̀. Gbogbo bátìrì ọkọ̀ tó bá kú láti Dàkáà títí dé Dúálà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wá yọ́. Pátákó idẹ kan wà lára ìléru náà, wọ́n ń nù ún láràárọ̀: A DÁ INÁ YÌÍ NÍ ỌJỌ́ KẸRIN OṢÙ Ọ̀WẸ́WẸ̀. KÒ KÚ RÍ.

Ìbíwùmí jókòó nídìí Awòlà. Òun ni òǹwo-eyín ilé ẹjọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọmọ ìlú náà sì ni. Lókè orí adájọ́, òǹtẹ̀ irin ńlá kan rọ̀ sórí ṣéènì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Ní ọ̀sán gangan ni yóò balẹ̀ sórí ìwé àṣẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti balẹ̀, ìléru yóò tún máa jó fún ọdún mẹ́wàá, ọba kò ní lè gbé e kúrò, ìjòyè kò ní lè gbé e kúrò. Ẹ̀rí ara nìkan ló lè dá a dúró. Èéfín kì í ṣe ẹ̀rí. Ikọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Eyín àkọ́hù ọmọdé ni òfin gbà gbọ́, nítorí pé ohun tó bá wọ ara ọmọ láti inú oyún, eyín kì í gbàgbé rẹ̀.

Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló ní àmúṣanrọ ní ìlú náà. Orúkọ tí ará ìlú sọ àìsàn yẹn nìyẹn. Ó máa ń pa àwọn fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń rán iṣan níṣẹ́. Ife á kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn á lọ, ọpọlọ á sì jí sílẹ̀ kedere, á máa wo gbogbo rẹ̀. Ní àwọn ìlú mìíràn tó tóbi tó Òkè-Àgbẹ̀dẹ, agbára káká ni wọ́n fi ń rí ẹnìkan. Bàbá Ìbíwùmí, Olúkòsì, wà nínú àwọn mọ́kàndínlógún náà.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ó ń ka ìlà ni, nítorí nínú gbogbo eyín àárọ̀ náà, èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ló dúró pẹ́ lójú ògiri. Láti kékeré kò lè rí ohun tó tò lẹ́sẹẹsẹ kó má kà á: àwo orí òrùlé, ẹsẹ̀ ọ̀kùn, bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ́ọ̀yà. Eyín ọmọ dà bí ìdí igi tí a gé. Ojoojúmọ́ ló ń fi ìlà kan kún ara rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá bí ọmọ, ìlà dúdú kan á yọ láàárín àwọn yòókù, nítorí ìbí kì í ṣe eré. Lẹ́yìn ìlà ìbí yìí, ó yẹ kí ìlà ọjọ́ kọjá ti ọdún kan kí eyín tó parí ara rẹ̀.

Èyí tó wà lójú ògiri kò ju mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ.

Ó pe èyí tó ṣáájú padà. Ọgọ́ta ó lé kan. Ó pe mẹ́wàá mìíràn. Kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ ènìyàn wo ni eyín rẹ̀ ń parí kó tó mọ̀ ọ́n jókòó? Ní ilé-ẹ̀kọ́, eyín ẹran ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ́ wọn kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ti ènìyàn, ó sì mọ eyín tó ń wò yìí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Ewúrẹ́ ni. Gbogbo wọn pátá, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, ọmọ ewúrẹ́ ni.

Kò sí ẹni tó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fún ogójì ọdún, ńṣe ni Ilé Eyín ìjọba máa ń lọ etí eyín di ìyẹ̀fun, tí wọ́n á wọn irin inú rẹ̀, tí wọ́n á sì dé ìyókù mọ́ inú ìgò. Ọdún yìí ni Awòlà dé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà. Ìgò kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ méjì lára: ti ọmọ, àti ti ìyá tó mú eyín náà wá. Ìbíwùmí na ọwọ́ sí ọ̀kan. *Ìbíwùmí, ọmọ Àwẹ̀ró.* Àwẹ̀ró ni ìyá rẹ̀.

Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀rí ara, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé omi fún ọdún méje. Bó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n. Òfin náà ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀: ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ tún ẹ̀rí rẹ̀ sọ kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ sọ ọ́, ilẹ̀kùn ti tì.

Lọ́ọ̀yà ní kí òǹwo-eyín wá fi àtẹ́lẹwọ́ jẹ́rìí pé eyín wọ̀nyí mọ́, kí kálukú lè lọ jẹun. Ìbíwùmí dìde. Ó ní ojú ń ta òun, pé òun bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ojú tí òfin fún òǹwo-eyín. Adájọ́ Arówólò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì fún un ní wákàtí kan.

Ìyá rẹ̀ ń fi ṣíbí fún bàbá rẹ̀ lẹ́kọ mu nígbà tó wọlé. Olúkòsì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àfojúsọ wà lójú rẹ̀ òsì: dígí kékeré tó ń ka ibi tí ẹyinjú rẹ̀ bá yí sí, tó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Ojú máa ń tètè rẹ̀ ẹ́, nítorí náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ní ìgbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà, alápárá ni. Àpárá tó fẹ́ràn jù ni pé òun fi oṣù mẹ́ta dàgbà ju ìléru lọ, bí fèrè ìléru bá fọn láàárọ̀, á dáhùn láti orí ibùsùn pé, "Àbúrò, mo ti gbọ́."

Ìbíwùmí kò jókòó. "Màmá, eyín ta ni ẹ fi sínú ìgò tó ní orúkọ mi?"

"Eyín rẹ ni. Eyín ta ni ìbá tún jẹ́?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni. Ẹni tó ni eyín yẹn kò mu ọmú tó oṣù mẹ́ta."

Àwẹ̀ró fèsì pé ọdún kan ààbọ̀ ni òun fi fún un lọ́mú, pé ńṣe ló ń ge òun jẹ bí eku, àpá rẹ̀ ṣì wà lára òun, bó bá sì jẹ́ pé ìwé tó kà ló ń gùn ún, kó lọ mu omi tútù.

Láti inú àfojúsọ, ohùn Olúkòsì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mẹ̀ẹ́."

Àwẹ̀ró gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ lójú àna. Olúkòsì kò lè rẹ́rìn-ín mọ́, àmọ́ omi ẹ̀rín ti kún ojú rẹ̀, Ìbíwùmí sì rí i pé ó mọ̀, pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Láyé àtijọ́, ní Òkè-Àgbẹ̀dẹ, ojú ẹnikẹ́ni kì í rí eyín ọmọ tó bọ́, pàápàá jù lọ ojú alángbá. Eyín tí alángbá bá rí, òmíràn kì í hù dípò rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ á ki eyín rẹ̀ sínú amọ̀ rírọ̀, á há òkúta wẹ́wẹ́ iye ọjọ́ orí rẹ̀ sí ara amọ̀ náà, á fi gbogbo agbára ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ fún un pọ̀, á sì sọ ọ́ sínú àjà láìwẹ̀yìn. Nígbà tí òfin eyín dé, ìyá mẹ́ta gbọ́ràn síjọba lẹ́nu, wọ́n kó eyín ọmọ wọn lọ fún àwọn àjèjì láti máa yẹ̀ wò. Odidi ọdún kan kọjá, eyín tuntun kò yọ lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara ni, àmọ́ ta ni yóò tún fi ọmọ tirẹ̀ dán an wò? Màmá Ṣàrútù, tó ń sin ewúrẹ́ lórí òkè níbi tí atẹ́gùn kì í gbé èéfín dé, ló mú ọgbọ́n wá. Ó ń fi òkúta họ eyín ọmọ ewúrẹ́ kó lè jọ ti ọmọ ènìyàn, ìyá ọmọ á sì gbé e lọ fún ìjọba. Àwọn ìyá mẹ́ta yẹn pàápàá fi í gba eyín ọmọ wọn padà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

"A rò pé ìjọba kàn ń fẹ́ eyín ni," ni Àwẹ̀ró wí. "A kò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ló fẹ́ fi í ṣe."

Ìbíwùmí ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún. Ewúrẹ́ tí kò gbọ́ òórùn èéfín rí ló ń dúró nílé ẹjọ́ fún gbogbo ìlú, tó ń ní kò séwu.

Ó ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Bí òun bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, òun ti fi irọ́ jẹ́rìí, iná á sì máa jó lórí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Bí òun bá sọ òtítọ́, òun ti ta gbogbo obìnrin ìlú, òun sì ti kọ́kọ́ ta ìyá òun. Àwọn fúnra wọn nìkan ló lè sọ ọ́ kó má di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá rẹ̀ mi orí. Omi kọ́ lòun ń bẹ̀rù, ó ní. "Bí mo bá dá dìde, mo gba ara mi là, lọ́ọ̀yà á sì sọ ti àwọn tó kù kí wọ́n tó sọ ọ́, ilẹ̀kùn á tì mọ́ wọn. Ojú wo ni n ó máa fi wò wọ́n nídìí ẹ̀rọ omi?"

Lẹ́yìn náà àfojúsọ tún dún.

"Gòkè. Tèmi wà níbẹ̀."

Ìbíwùmí gbé àkàsọ̀ ti ihò àjà, ó gùn ún. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti wọ ibẹ̀ kẹ́yìn. Èéfín ìdáná àtijọ́ ti kun gbogbo rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, ooru ibẹ̀ sì lè se ẹyin. Ó fi iná ọwọ́ rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀. Àwọn amọ̀ náà wà káàkiri, bí ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyin àparò lọ, èéfín ti sè wọ́n di líle bí òkúta. Ó rí tirẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà, àti ipa ìka mẹ́rin kóńkó tí kò lè gba ìka rẹ̀ mọ́. Ní igun tó jìnnà jù ló ti rí èyí tó dúdú ju gbogbo wọn lọ, tó ní òkúta méje.

Ó kó méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé èyí dúdú fún ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n lójú kan náà; ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń fi epo pupa po amọ̀ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún Olúkòsì láti orí itan rẹ̀, ọwọ́ tó ti rọ bí aṣọ tí a sá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara amọ̀ náà, ó sì to ìka rẹ̀ sínú ipa ìka ìgbà èwe rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún méje kan ti fi gbogbo agbára rẹ̀ fún amọ̀ yìí rí. Ọwọ́ yìí kan náà ni. Bí Àwẹ̀ró ṣe yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, ìka ọkọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, amọ̀ náà sì já bọ́ sínú aṣọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró mú un, ó fi í lé Ìbíwùmí lọ́wọ́, ó sì mú ti ọmọ rẹ̀ dání. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé korobá òfìfo kan àti ìgbakọ irin. Ní Òkè-Àgbẹ̀dẹ, obìnrin kì í lu korobá òfìfo lójú títì àfi bí omi bá gbẹ tàbí bí ọmọ bá sọnù.

"Tìrẹ ni kí o máa lọ," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Ti kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ lọ. A ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o gbé ọwọ́, máa ka ìlà."

Ní aago mọ́kànlá, Ìbíwùmí ti padà sídìí Awòlà, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òǹtẹ̀ ku ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí orí ìwé. Lọ́ọ̀yà tún ní kó wá jẹ́rìí. Ó dáhùn pé òun ṣì ń ka ìlà àwọn eyín náà, pé òfin fún òǹwo-eyín láyè láti kà títí òǹtẹ̀ yóò fi kan ìwé. Káṣìmáawò béèrè bóyá òǹwo-eyín ń wá ìlà orin tí yóò kọ ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín; ó ní kí ó máa kà.

Ó ń kà. Ó ka eyín ewúrẹ́ mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, ohùn rẹ̀ ń gbẹ. Ó ku ìka mẹ́ta. Ó ń tẹ́tí sí ojú títì, ariwo ìléru nìkan ló ń gbọ́. Ó ku ìka méjì. Lọ́ọ̀yà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé rẹ̀. Ìbíwùmí wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì di ojú, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó jìnnà.

Nígbà náà ni òun náà gbọ́ ọ. Korobá. Kì í ṣe ẹyọ kan mọ́.

Àwọn ìyá ìlú wọlé pẹ̀lú ẹ̀dú lórí gèlè, okùn aláǹtakùn lára apá, amọ̀ nínú ìṣẹ́po ìró, bí ẹni tó ń ti oko kíkórè bọ̀. Gbogbo àjà ìlú ni wọ́n ti gbọ̀n. Àwẹ̀ró ló ṣáájú. Kò dúró kí wọ́n bi í léèrè. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó ní eyín tó wà nínú ìgò òun kì í ṣe ti ọmọ òun, eyín ewúrẹ́ ni, òun ló gbé e wá, èyí tó jẹ́ ti ọmọ òun rè é lọ́wọ́ òun. Òun tún un sọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà pe orúkọ tirẹ̀, ó tún un sọ. Ẹni kẹta. Ẹni kẹwàá. Wọn ò fi àyè sílẹ̀ kí lọ́ọ̀yà lè ya ẹnu. Obìnrin kan tún ti ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ, adájọ́ sì ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òfin kì í gba omi lọ́wọ́ òkú.

Màmá Ṣàrútù ló kẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, pẹ̀lú ọ̀pá ìdaran rẹ̀.

"Olúwa mi, èmi ni mo ni àwọn ewúrẹ́ náà," ó wí. "Bí ẹ bá fẹ́ mú àwọn ẹlẹ́rìí èké, ẹ ti pẹ́ jù. A ti jẹ wọ́n."

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ Arówólò fi ìwé bo ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó tó pàṣẹ pé kí wọ́n dákẹ́.

Káṣìmáawò kì í ṣe òmùgọ̀. Ó dúró títí ẹ̀rín fi parí, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ pé ta ló mọ eyín ẹni tó wà nínú amọ̀? Ẹni tó bá pààrọ̀ eyín lẹ́ẹ̀kan lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbíwùmí ti ń retí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà wọlé, èyí tó mọ àtẹ́lẹwọ́ gbogbo ìlú. Ó tẹ amọ̀ dúdú náà mọ́ ojú rẹ̀, níbi tí ìka kékeré náà ti wọlé. Ìka ń dàgbà, àmọ́ ìlà orí rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ̀rọ náà ronú fún ìgbà díẹ̀, ó sì pe orúkọ: Olúkòsì. Omi sì dà sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an nìyẹn.

"Ká ní tirẹ̀ ni," ni lọ́ọ̀yà wí. "Ká ní irin wà nínú rẹ̀. Irin wà nínú ilẹ̀, ó wà nínú kànga, ó wà lára ìkòkò ìyá rẹ̀. Ta ló sọ pé iná wa ló ti wá?"

Adájọ́ ní kí wọ́n fọ́ amọ̀ náà. Eyín tó wà nínú rẹ̀ kéré, ó pọ́n díẹ̀ bí hóró àgbàdo. Awòlà kùn. Àwòrán yọ sójú ògiri, gbogbo ilé ẹjọ́ sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé eyín ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń rí láti àárọ̀. Ìlà ìbí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn ti aṣọ bọ inú aró, àwọ̀ àlùkò bẹ̀rẹ̀, kò sì dẹ́kun mọ́ títí eyín náà fi parí.

Ìbíwùmí ka àwọn ìlà funfun náà sókè, ẹnìkan kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó kà wọ́n dé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kejìléláàádọ́rùn-ún ni àlùkò wọlé.

"Lọ́ọ̀yà," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ohun tí ẹ kọ sára pátákó yẹn."

Káṣìmáawò wo ìta láti ojú dígí. Ó ti ń kà á láti ogún ọdún, kò nílò láti wò ó. "A dá iná yìí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀," ó wí, ó sì dákẹ́ kó tó dé ìyókù.

Ìbíwùmí béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí Olúkòsì lọ́wọ́ ẹ̀rọ omi. Ọjọ́ kẹrin oṣù Òkúdù, ọdún kan náà. Adájọ́ fi ìka kà á lórí tábìlì: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù nínú Òkúdù, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti Agẹmọ, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti Ògún, mẹ́rin ti Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ó tún un kà. Méjìléláàádọ́rùn-ún.

Ìkòkò ìyá rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí i. Kànga ti wà. Ilẹ̀ ti wà. Nǹkan kan ṣoṣo ló dé ìlú yẹn ní ọjọ́ náà.

Adájọ́ béèrè bóyá òǹwo-eyín lè fi àtẹ́lẹwọ́ jẹ́rìí pé irin yìí ló rọ ọkùnrin náà. Ìbíwùmí mọ ohun tí ìlú ń fẹ́ kí òun sọ. Ó sọ ohun tó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé irin nìkan ló ń fa àmúṣanrọ. Ó lè mú ẹnìkan kó fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí irin ń ṣe ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un, níbi tí ilẹ̀kùn bá sì ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ìlú, ẹni mọ́kàndínlógún ni àìsàn yóò bá nílé dípò ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e.

Ó ku ìwọ̀n èékánná. Adájọ́ Arówólò dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ṣéènì náà mú, ó sì fà á. Òǹtẹ̀ náà gòkè pẹ̀lú ariwo irin tí kò tíì dún nílé ẹjọ́ yẹn rí. Kí wọ́n pa iná, ó wí. Kí àwọn onílèéru kó omi mímọ́ wá fún ìlú láti ibòmíràn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí wọ́n ka gbogbo amọ̀ tó kù, kí kálukú lè mọ ohun tó wà lára rẹ̀, kí àwọn dókítà sì tètè máa ṣọ́ ọ.

Ìbíwùmí ló kà wọ́n. Nígbà tó kan amọ̀ olókùúta mẹ́fà, ó rí àlùkò tirẹ̀ náà, ó tín-ínrín ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ó kà á bó ṣe ka ti gbogbo ènìyàn, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ọjọ́ kẹta ni ìléru tó tutù tán. Fèrè kò fọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn sì sùn kọjá àkókò, tí wọ́n jí pẹ̀lú ìtìjú bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Lọ́sàn-án, Àwẹ̀ró ti kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ dé iwájú ìléru, Ìbíwùmí gbé amọ̀ rírọ̀ sínú abọ́. Ilé ẹjọ́ ti dá ìyókù eyín Olúkòsì padà, Àwẹ̀ró sì ní ohun tí a bá fọ́, a gbọ́dọ̀ tún un mọ. Ọ̀rọ̀ òkúta ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìbíwùmí ní kí wọ́n lo méje bíi ti tẹ́lẹ̀. Olúkòsì ta kú: iye ọjọ́ orí ni àṣà wí. Nígbà tí wọ́n fi máa há òkúta méjìdínlọ́gọ́ta sí i lára, amọ̀ náà ti tóbi tó òkèlè ọkùnrin tí ebi ń pa.

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì bá a fún un pọ̀.

Nígbà náà ni Ìbíwùmí rí alángbá kan lára ògiri ìléru. Láti ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ògiri náà gbóná débi pé alángbá kankan kò lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Èyí gùn ún láìkánjú, ó kọjá lórí pátákó idẹ, ó dúró sórí rẹ̀, ó bojú wo àwọn mẹ́ta náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹni pé òun ló pa iná.

Àwẹ̀ró yára fa ìró rẹ̀ bo amọ̀ náà.

"Àwẹ̀ró," ni àfojúsọ wí, pẹ̀lú ohùn tó dún bíi ti ọmọ ọdún méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú ìjàkadì, "ṣí i. Jẹ́ kó rí eyín tó pa iná."